Orin Ìsìnkú Bàbá Mi ní Àbíjàn

Bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé ìlú báyìí-báyìí dùn lálẹ́, mo máa ń bi í pé ta ló dùn mọ́. Èmi ti wà níbi tí wọ́n ti ń se adùn yẹn rí, mo mọ bí ilé ìdáná rẹ̀ ṣe ń rùn. Mo fọn fèrè ní Àbíjàn, ní àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Tirẹṣifíìlì, láti ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira títí di ìgbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kwárà sílẹ̀. Mo ti dàgbà báyìí, eyín mi ti ń yẹ̀, àwọn ọmọ mi ní kí n gbàgbé. Mi ò gbàgbé. Inú ṣì ń bí mi.

Fèrè tí mò ń wí kì í ṣe ti oparun o. Fèrè idẹ ni, èyí tí àwọn olórin ń pè ní tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì. Ará Òmù-Àrán ni wá, àgbẹ̀ ni bàbá mi, òun náà ló sì jẹ́ olórí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó ra fèrè náà lọ́wọ́ òyìnbó ajíhìnrere kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀, gbogbo iṣu tó wà nínú àká lọ́dún náà ló sì bá a lọ. Nígbà tó gbé e lé mi lọ́wọ́, mo rò pé á gbàdúrà gígùn, torí ó fẹ́ràn àdúrà gígùn. Kò gbà á. Ó ní, "Kọ́ ọ dáadáa. Òun ni wàá fi sìn mí."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ní lọ́kàn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, bí wọ́n bá gbé pósí àgbàlagbà jáde nílé, afọnfèrè ló máa ń ṣíwájú títí wọ́n á fi dé ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló dá orin tí à ń fọn lọ́jọ́ náà sílẹ̀. Ó máa ń falẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kúrò nílé. Tó bá wá kù díẹ̀ kí wọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì, orin á yá, fèrè á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe oríkì ẹni tó kú. Kò sẹ́ni tó ń dá fèrè dúró lọ́jọ́ náà. Oníkẹ̀kẹ́ á sọ̀ kalẹ̀, á ṣí fìlà, ẹni tó ru igi á sọ igi kalẹ̀, awakọ̀ tó ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́-Ìpo á pa mọ́tò rẹ̀ títí òkú á fi kọjá. Ibi tí fèrè ti ń pe oríkì yẹn, olúkúlùkù ló ní tirẹ̀. Afọnfèrè á ti tò ó sínú, kò sì gbọ́dọ̀ fọn ún jáde kí onítọ̀hún tó kú. Nítorí náà, kò sí ẹni tó gbọ́ tirẹ̀ rí.

Mo bá ẹgbẹ́ olórin kan tó wá ṣeré ní Ìlọrin lọ. Ará Ìbàdàn ni ọ̀gá wa. A ń lọ láti ìlú dé ìlú létí òkun, a ń ṣeré, títí a fi dé Àbíjàn. Níbẹ̀, ọ̀gá wa sọ fún wa láàárọ̀ ọjọ́ kan pé òun ń lọ ra okùn gìtá. Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, kò tíì ra okùn náà dé.

Ẹni tó ni ilé ijó tí a ti ń ṣeré ló wá gbà wá. Ọmọ ìlú náà ni, Patírọ́ọ̀nù ni gbogbo èèyàn ń pè é, ìyẹn ọ̀gá ní èdè wọn. Ọkùnrin tó sanra ni, ó tó bàbá mi lọ́jọ́ orí, ẹ̀rín kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó fún wa ní yàrá kan lẹ́yìn ilé ìdáná, gbogbo wa ń sùn síbẹ̀ bí iṣu inú àká. Òfin kan ṣoṣo ló fi lélẹ̀: bí a bá ṣeré tán, gbogbo ohun èlò á wọ inú yàrá kékeré kan, òun ló ń tì í, ara okùn ọrùn rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ó ní nítorí olè ni. Gìtá tirẹ̀ ni, ìlù tirẹ̀ ni, fèrè tèmi náà ń bá wọn wọlé lóròòru. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé tí mi ò lè mú tèmi sùn. Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní ọmọ rere ni mí.

Nílé, mo ti gbọ́ pé iná wà ní Àbíjàn. Iná wà lóòótọ́. Iná pupa wà, iná aláwọ̀ ewé wà, wọ́n fi ya òṣùpá sójú ògiri ilé ijó náà. Ohun tí wọn ò sọ fún mi ni gọ́tà tó ń ṣàn lábẹ́ òṣùpá yẹn, omi ẹja àti ìtọ̀ ọ̀mùtí, tó ń gba abẹ́ fèrèsé wa kọjá. Wọn ò sọ fún mi pé àwọn ọmọbìnrin tó ń jó bí ẹni tí kò ní ìṣòro kankan láyé máa wá bẹ alásè fún ìrẹsì ìsàlẹ̀ ìkòkò tí wọ́n bá jó tán. Lálẹ́ àkọ́kọ́, mo rí ọkùnrin kan tí wọ́n lù jù sí ìta, bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan ṣì wà lórí pèpéle ijó, àwọn èèyàn ń jó yí bàtà náà ká. Mo wo ẹ̀yìn, mo ń retí kí ẹnìkan ní kí orin dúró. Patírọ́ọ̀nù ló ṣẹ́jú sí mi pé kí n má dákẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ gbádùn, ẹ̀ ń rí ẹ̀yìn olórin ni. Àwa ń rí ojú yín. Mo rí ọkọ tó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun wà níbi iṣẹ́. Mo rí ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń mu ọtí ọ̀fẹ́. Mo rí atukọ̀ òkun kan, òyìnbó ni, tó dìde lórí àga rẹ̀, tó wá da bíà sínú ihò fèrè mi níbi tí mo ti ń fọn ún lọ́wọ́. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ti Patírọ́ọ̀nù ló pọ̀ jù. Bíà ń hó nínú fèrè tí bàbá mi ta iṣu rà. Mo yí i dànù, mo nu ún, mo ń bá orin lọ. Kí ni kí n ṣe? Kọ́jó, ọmọ Gánà tó ń ta gìtá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ló fẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀ kí n má bàa ju fèrè mọ́ ọkùnrin yẹn.

Ẹ tún wo ti orúkọ. Nígbà tí mo kúrò nílé, abẹ́ Àríwá ni wọ́n ka Ìgbómìnà sí, nítorí náà ará Àríwá ni mí nínú ìwé ìrìnnà. Àwọn ará Ìbàdàn tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ sọ mí di Gàmbàrí, èmi tí mi ò gbọ́ ju "sànnu" lọ nínú èdè Hausa. Tí mo bá ta èdè ilé wa díẹ̀, wọ́n á máa sín mi jẹ. Ní Àbíjàn wàyí, Nàgó ni wọ́n ń pe gbogbo wa, àti èmi àti àwọn tó ń sín mi jẹ. Bí wọ́n ṣe ń pe Nàgó yẹn, ẹ máa rò pé orúkọ àrùn ni. Mo máa ń dùbúlẹ̀ kí n máa ro ó: ibo gan-an ni wọ́n ti gbà pé ará ibẹ̀ ni mí?

Ibì kan ṣoṣo wà, ìyẹn ọ̀dọ̀ Ìyá Àjàṣẹ́. Obìnrin ará Àjàṣẹ́-Ìpo ni, ó ń ta abọ́ tánganran lọ́jà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ Ìgbómìnà lẹ́nu rẹ̀, tó ń bá oníbàárà kan jà lórí abọ́ tó fọ́, mo dúró sójú kan bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Mo wá ra abọ́ kan tí mi ò nílò, kí ó lè máa sọ̀rọ̀ lọ. Ó wò mí, ó ní, "Ọmọ ta ni ọ́ ní Òmù?" Mi ò tíì sọ pé ará Òmù ni mí o. Láti ọjọ́ náà, ilé rẹ̀ ni mo ti ń jẹun lọ́jọ́ Àìkú. Mùsùlùmí ni, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, kò sí ìgbà tí ọ̀rọ̀ yẹn wọ àárín wa. Ó máa ń bú mi pé mo rù, pé àwọn tó ń mu ọtí ń fi ẹ̀jẹ̀ mi jó.

Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Ìlọrin, ìyẹn ló jẹ́ kí n máa gbọ́ ohùn ilé lórí tẹlifóònù. Ẹ wo ìwọ̀sí mìíràn o. Láti Àbíjàn sí Ìlọrin, ọ̀nà mọ́tò ni, àwọn obìnrin oníṣòwò ń ná an. Ṣùgbọ́n ohùn tèmi ní láti kọ́kọ́ lọ sí Páríìsì, kó gba ibẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, kó tó padà wá sí Ìlọrin, torí pé òyìnbó tiwọn àti òyìnbó tiwa kò ta okùn pa pọ̀. A ti gba òmìnira, àwọn náà ti gba tiwọn. Síbẹ̀, kí n tó lè kí ẹ̀gbọ́n mi, mo ní láti gba ojúlé òyìnbó méjèèjì kọjá.

Obìnrin tó ń so wá pọ̀ ní ilé tẹlifóònù Àbíjàn kọ́kọ́ sọ pé kò sí ìlú tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní ó wà. Ó ní Èkó ni mò ń wí. Mo ní Èkó kọ́. Mo ń lọ, mo ń bọ̀, mo ń pe orúkọ ìlú náà fún un bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ábídí. Ìgbà tó yá, bí mo bá ti ń wọlé, á gbójú sókè, á sọ ọ́ kí n tó sọ ọ́: "Ìlọrin." Ó pè é dáadáa pẹ̀lú. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé mo ń fẹnu fọn orin lọ sílé.

Orí tẹlifóònù yẹn náà ni ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún mi pé wọ́n ti yọ wá kúrò lára Àríwá, pé a ti ní ìpínlẹ̀ tiwa, Ìlọrin ni olú ìlú. Ohùn rẹ̀ ń fò sókè. Mo sáré wá sọ fún Kọ́jó. Ó gbọ́ ọ tán, ó bi mí bóyá iná ti dé abúlé wa. Mo bínú sí i títí ilẹ̀ fi ṣú, torí iná kò tíì dé.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn tí mo tún pe ilé. Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn ẹ̀gbọ́n mi kò fò sókè. Ó kí mi, ó bi mí bí ara ṣe rí, ó tún kí mi. Ó wá ní, "Ara Bàbá ò yá díẹ̀. Máa bọ̀ nílé. Gbé fèrè rẹ dání."

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Yorùbá, ẹ ti gbọ́ ohun tí mo gbọ́. Ta ló ń tú ikú bàbá fún ọmọ tó wà lájò ní gbangba báyìí? Ara ò yá díẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ, kí ọmọ lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ilé. Ó sì tún wá fi ti fèrè kún un. Ọ̀rọ̀ Bàbá padà wá sí mi létí: Òun ni wàá fi sìn mí. Mi ò bi í ní ìbéèrè kankan. Mo ní mo ti gbọ́, mò ń bọ̀. Obìnrin ilé tẹlifóònù béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi, mi ò mọ ohun tó béèrè. Mo jókòó sí àtẹ̀gùn ìta, mo sunkún bàbá mi níbẹ̀, àwọn èèyàn ń fo ẹsẹ̀ mi kọjá.

Mo lọ bá Patírọ́ọ̀nù. Mo sọ fún un pé bàbá mi ti kú, mo fẹ́ máa lọ sílé, kó ṣí yàrá kí n mú fèrè mi. Ó bá mi kẹ́dùn, ó tiẹ̀ di ọwọ́ mi mú. Ó ní kí n máa lọ láyọ̀. Ó ní fèrè kò lọ síbì kankan. Mo rò pé mi ò gbọ́ èdè rẹ̀ dáadáa, mo tún un sọ. Ó ní ohun gbogbo tó bá wà nínú yàrá òun, tòun ni, gbogbo Tirẹṣifíìlì ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná. Kọ́jó ló fà mí sẹ́yìn, ó ní kí a lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí á gba ọ̀nà òfin. A lọ. Wọ́n ránṣẹ́ pe Patírọ́ọ̀nù, àwọn tí a jọ ń ṣeré náà wá ṣe ẹlẹ́rìí. Nígbà tó wọlé, tí ọ̀gá ọlọ́pàá ní kí n sọ tẹnu mi, mo ṣe ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé. Ní ilé wa, o lè bá àgbàlagbà rojọ́, o tiẹ̀ lè jàre rẹ̀, ṣùgbọ́n wàá kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún un kó o tó la ẹnu. Bí o ò bá dọ̀bálẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ẹjọ́ rẹ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Patírọ́ọ̀nù lórí símẹ́ńtì àgọ́ ọlọ́pàá.

Wọ́n ń wò mí bí ìgbà tí àjèjì bá kọ́kọ́ rí ère òkúta Èsìẹ́. Mi ò tíì dìde tí Patírọ́ọ̀nù fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, tó ń nawọ́ sí mi nílẹ̀. Kọ́jó túmọ̀ rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. Patírọ́ọ̀nù sọ pé, "Ẹ wò ó fúnra yín. Bí nǹkan bá jẹ́ tirẹ̀, ṣé á dojú bolẹ̀ bẹ̀ mí?"

Ọ̀gá ọlọ́pàá mi orí. Àwọn tí a jọ ń ṣeré wo ilẹ̀, torí ilé Patírọ́ọ̀nù ni wọ́n ń sùn. Mo dìde, mo ń ṣàlàyé pé ìkíni ni, pé bí a ṣe ń kí àgbà nìyẹn, mo ń sọ Faransé, mo ń sọ Yorùbá, mi ò mọ èyí tí mò ń sọ mọ́. Wọ́n ní kí n jáde. Ní ẹnu ọ̀nà, Patírọ́ọ̀nù fọwọ́ gbọn erùpẹ̀ kúrò láyà aṣọ mi, ó ní òun ti dárí jì mí. Ó dárí jì mí! Ó ní tí mo bá ti lè bá òun fọn fèrè ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, torí àwọn ènìyàn ńlá ń bọ̀, kí n máa bá tèmi lọ.

Níbẹ̀ ni mo ti búra pé mi ò ní dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀dá kankan mọ́ láyé mi. Mo sọ ọ́ fún Ìyá Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Ó ti gbọ́ nípa bàbá mi, ó ti sunkún ṣáájú kí n tó dé. Ó jẹ́ kí n bú gbogbo Àbíjàn tán. Ó wá ń bi mí nípa ìsìnkú tiwa, bí ẹni tó kàn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ gbé ọkàn mi kúrò níbẹ̀. Ta ló ń ṣíwájú òkú? Mo ní afọnfèrè. Ó ní ṣé àwọn èèyàn máa ń dá a dúró lójú ọ̀nà. Mo ní rárá. Ó ń to àwọn abọ́ rẹ̀ sínú koríko gbígbẹ fún mọ́tò tó ń lọ sílé, kò wo ojú mi. Ó ní, "Ó dáa. Mọ́tò mi á gbéra ní ìdájí ọjọ́ Àìkú."

Nígbà tó di Sátidé, kí oòrùn tó wọ̀ tán ni ilé ijó ti kún. Àwọn ènìyàn ńlá wá lóòótọ́, pẹ̀lú kóòtù àti ìyàwó olóòórùn dídùn. Patírọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ ló ṣí yàrá, ó gbé fèrè fún mi bí ẹni ń tọrẹ. Mo gbà á, mi ò dúpẹ́. A ṣeré bí a ṣe máa ń ṣeré. Nígbà tó ní kí n bọ́ síwájú kí n dá fọn tèmi, mo bọ́ síwájú, mo sì bẹ̀rẹ̀ orin bàbá mi.

Ó falẹ̀. Àwọn tó wà lórí àga ń wo ara wọn. Kọ́jó yí ojú sí mi, ó ti gbọ́ orin yẹn rí nígbà tí mò ń fẹnu fọn ún nínú yàrá, ó sì mọ ohun tó wà fún. Ó fi gìtá sílẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle, mo ń rìn bí a ṣe ń rìn nílé, ìgbésẹ̀ kan, ìdúró díẹ̀, ìgbésẹ̀ kan. Kọ́jó tẹ̀ lé mi, ó ń pàtẹ́wọ́ sí i. Onílù kékeré wa náà gbé ìlù kọ́ apá. Mo gba àárín tábìlì kọjá, mo gba ẹnu ọ̀nà jáde, gbogbo ilé ijó sì dìde tẹ̀ lé wa, wọ́n rò pé ara eré ni.

Ìta kún. Ní Tirẹṣifíìlì, ẹni tó bá gbọ́ orin tí èèyàn ń tẹ̀ lé, á tẹ̀ lé e ni, kò ní béèrè. Patírọ́ọ̀nù sá jáde, ó ń pariwo pé fèrè òun, fèrè òun, ṣùgbọ́n èrò ti wà láàárín wa. Wọ́n rò pé orin ló ń dá. Àwọn ọmọbìnrin ilé ijó bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é fún un, wọ́n ń jùdí, wọ́n tì í síwá, wọ́n tì í sẹ́yìn. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ títí tó fi rì.

Ṣé ẹ máa sọ pé ó yẹ kí inú mi dùn? Bàbá mi ni mò ń sìn! Mò ń gbé e lọ láìsí pósí, àwọn ọ̀mùtí ń jó lẹ́yìn rẹ̀, igò wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí mo dé òpin òpópónà ọjà, mo jẹ́ kí orin yá, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe oríkì rẹ̀: Àjàní, ọmọ Olómù, Àjàní, máa bọ̀ nílé. Obìnrin kan wá ń gbọn ìdí níwájú mi níbi tí mo ti ń pè é. Omijé ń ṣàn wọ ẹnu fèrè, wọ́n rò pé òógùn ni. Bí mo bá lè fi fèrè yẹn bú wọn, ǹ bá ti bú wọn dé ìdílé bàbá wọn. Ṣùgbọ́n ijó wọn ni kò jẹ́ kí ọwọ́ kankan tẹ̀ mí. Ìyá Àjàṣẹ́ ti dúró sí ẹnu ọ̀nà àgbàlá rẹ̀. Nígbà tí mo wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì ń sọ fún àwọn tó wà ní ìta pé eré ti parí, kí oníkálukú máa lọ sílé.

Mo wà láàárín abọ́ tánganran nínú mọ́tò, mo gbá fèrè mọ́ra títí a fi wọ ilẹ̀ wa.

Nígbà tí mo sọ̀ ní Òmù-Àrán, ohun kan ṣe mí ní kàyéfì. Àwọn tó pàdé mi ń kí mi kú àbọ̀. Kò sẹ́ni tó kí mi kú àṣẹ̀yìndè. Mo ń bínú sí àwọn náà nínú mi pé ṣé ikú bàbá mi kò tó nǹkan lójú wọn ni. Mo yà sí àgbàlá wa.

Bàbá mi jókòó síta lórí àga onígi rẹ̀, wọ́n fi aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀. Ó ti rù gan-an. Ó ń jẹ ẹ̀kọ.

Mi ò mọ ìgbà tí mo balẹ̀. Èmi tí mo búra. Àyà mi wà nílẹ̀, fèrè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mi ò lè dìde, mi ò sì fẹ́ dìde. Ìyá mi sáré jáde, ó rò pé nǹkan kọ lù mí. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ti wá láti Ìlọrin nítorí àárẹ̀ náà, jáde tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ ni mo wà tí mo ti ń pariwo mọ́ ọn.

"Mo sọ fún ọ pé ara rẹ̀ ò yá díẹ̀," ló ní. "Kí ni kí n tún sọ?"

Mo ní kí ló wá mú un sọ pé kí n gbé fèrè dání. Ó ní Bàbá ló rán òun bẹ́ẹ̀, ó wù ú láti gbọ́ ọ.

Bàbá mi gbé abọ́ ẹ̀kọ sílẹ̀, ó ní kí n dìde jókòó, kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo sọ ọ́ látòkèdélẹ̀, ti àgọ́ ọlọ́pàá, ti símẹ́ńtì, ti òpópónà, ti obìnrin tó ń gbọn ìdí. Inú ń bí mi bí mo ti ń sọ ọ́. Ìyá mi ń ṣe họ́wù, pé kí n má dárúkọ ìsìnkú lójú ẹni tó wà láàyè. Bàbá mi gbọ́ tán, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ikọ́ gbà á lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ikọ́ dáwọ́ dúró, ó nawọ́ sí fèrè.

Ó ní, "Àwọn ọ̀mùtí Àbíjàn ti gbọ́ tèmi. Èmi nìkan ni mi ò tíì gbọ́ ọ."

Ìyá mi ní èèwọ̀ ni. Bàbá mi ní òun ló dá orin náà sílẹ̀, òun ló mọ èèwọ̀ rẹ̀.

Mo nu fèrè, mo dìde dúró, mo sì fọn ún láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ó ṣe yẹ kí wọ́n fọn ún. Ó ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Nígbà tí mo ń dé ibi oríkì, oníkẹ̀kẹ́ kan tó ń kọjá lọ́nà Rórẹ̀ níwájú ilé wa sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí fìlà, ó ń wo ẹnu ọ̀nà wa bóyá wọ́n ti ń gbé pósí jáde. Bàbá mi gbé ọwọ́ sókè sí i pé kó dúró, òun ò tíì gbọ́ ọ tán.